Lẹ́tà Mẹ́fà fún Ìyá Oníkán

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Lọ́yà ní ó ṣeé ṣe! Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ: ó ṣeé ṣe! Ó ka gbogbo ìwé tí mo kó fún un tán, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Mádàámú, iṣẹ́ yín yìí tó ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ dúró sílùú yìí, ẹ̀yin, ọkọ yín àti ọmọ yín." Mo dìde, mo tún jókòó. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn.

Ohun tó kù báyìí ni lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́fà. Mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí mo ṣe, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kò rí mi rí ṣùgbọ́n tó mọ iṣẹ́ mi. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì Lọ́yà ní ogúnjọ́ oṣù kẹta, nítorí ìwé ìgbélùú wa yóò kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù náà. Bí a kò bá tíì fi ẹ̀bẹ̀ wa sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ká dirù ló kù. Ọmọ á fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín sáà, ọkọ mi á fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà á sì fi àwọn ikán mi sílẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́fà péré! Kí ni mẹ́fà? Mo jó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Obìnrin kan tó ń gòkè bọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi bí ẹni yà fún wèrè. Mo kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo pe Olùkọ́ mi àtijọ́, ẹni tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kòkòrò. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ ò sì dín rárá. Mo ti kúnlẹ̀ tán kí n tó rántí pé orí fóònù la wà.

"Ṣé torí lẹ́tà lásán lo ṣe ń bẹ̀ mí tó báyìí?" ó ní. "Ìwọ kọ ọ́ wá. Kọ ọ́ kó dùn dáadáa, màá fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní, "Kọ ọ́ wá." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì tí a jọ ṣe ìwádìí ní, "Ṣáà kọ ọ́ wá." Mo rí lẹ́tà mẹ́rin ní ọ̀sán kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì ní ẹyọ kan lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ọjọ́ mẹ́rin rèé, ìlà kan ni mo kọ. "Inú mi dùn láti jẹ́rìí pé." Pé kí ni? Pé mo dáa? Ojú ń tì mí nínú ilé ara mi. Màmá mi pè, mo ṣàlàyé fún un, ó sì figbe ta: "Kí ìwọ fúnra rẹ jókòó kó o máa yin ara rẹ? Ṣé kò séèyàn mọ́ níbẹ̀ yẹn ni?"

Ọkọ mi ń fọ abọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yíjú sí mi pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́, ó ní, "Adìyẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà. Bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí n yìn ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀: 'Bí ẹ bá fi àtùpà wá a lọ́sàn-án gangan, ẹ ò lè rí irú rẹ̀.'"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, Olùkọ́ mi ni àbí Ọ̀gá mi?"

"Ẹni yòówù kó jẹ́. Ṣé irọ́ ni?"

Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ọṣẹ ń kán sílẹ̀. "'Obìnrin tó ń gbọ́ ohun tí igi ń rò nínú.' Kọ ọ́! 'Ọgbọ́n inú rẹ̀ jìn bí òkun.' Ṣé o ti kọ ìyẹn?" Ọmọ wa, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní yàrá kejì, pariwo pé, "Ẹ fi kún un pé ó máa ń gbàgbé ìkòkò sórí iná!" A rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́tà mẹ́rin ti dúró, karùn-ún sì ti wà nílẹ̀ fún Bàbá Káfíńtà tó ń fi ẹ̀rọ mi wá ikán. Kí n má purọ́, mo tún wọn kà lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbádùn ara mi.

Ọjọ́rú, 12

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fọwọ́ sí i! Mẹ́rin nínú mẹ́fà! Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, mo rìn nínú rẹ̀ gbé wọn lọ fún Lọ́yà. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé bàtà mi ti kún fómi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ọ̀dọ̀ Bàbá Káfíńtà lónìí. Àwọn ilé àtijọ́ ni ó máa ń tún ṣe. Mo bá a níbi tó ti fi Etí Igi, ẹ̀rọ mi, kan férémù ìlẹ̀kùn kan, okùn tí a fi ń gbọ́ ọ wà létí Bàbá, ó dijú, ó ń tẹ́tí bóyá ikán ń jẹun nínú lọ́hùn-ún. Bí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, inú mi máa ń dùn ṣìnkìn. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe, tí ọmọ mi sọ lórúkọ, ó gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé òòlù.

Mo na lẹ́tà rẹ̀ sí i. Ó kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dá a padà.

"Ìyá Oníkán," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ta ló sọ èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ìyẹn tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i."

"'Ọgbọ́n inú rẹ̀ jìn bí òkun.' Èmi? Èmi tí mi ò rí òkun rí?" Ó fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí. Mo rò pé ó fẹ́ fọwọ́ sí i ni, àṣé ó fẹ́ fa ìlà sára pákó. Ó gbé ayùn. "Mo nílé kan tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ wá, ká jọ lọ. Ohun tójú mi bá rí ni ẹnu mi máa ń sọ."

Ọjọ́bọ̀! Nígbà tí mo ń ka ọjọ́ lórí ìka! Inú bí mi, ṣùgbọ́n "Ó dáa, sà" ni mo sọ. Àgbàlagbà tó ní ayùn lọ́wọ́, ta ní ń bá a jiyàn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Lọ́yà ránṣẹ́ pè mí. Ó tẹ́ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ti fi báírò pupa fa ìlà sí wọn nídìí. Nínú ti Olùkọ́ mi: bí ẹ bá fi àtùpà wá a lọ́sàn-án gangan. Nínú ti Ọ̀gá mi: bí ẹ bá fi àtùpà. Nínú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjèèjì: àtùpà, àtùpà.

"Mádàámú, ta lẹni yìí?"

"Ẹni wo, mà?"

"Ẹni tó kọ gbogbo ẹ̀."

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. "Ọkọ mi ni, mà."

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó fẹ́ràn yín gan-an o," ó ní. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tó máa yẹ ìwé wa wò ń ka irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú lẹ́tà ẹni mẹ́rin, kò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ gbọ́ mọ́. "Ẹlẹ́rìí tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ lọ dá wọn padà. Kí kálukú fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó fojú ara ẹ̀ rí."

Mẹ́rin di òfo. Oṣù kan ló kù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ti wó o. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà kí ó tó yé mi pé ohun tí Lọ́yà sọ fún mi lónìí ni Bàbá Káfíńtà ti sọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mo sì ń bínú sí i.

Ọkọ mi ní, "Ṣé àtùpà yẹn ò dáa ni?" Ojú rẹ̀ fà ro. Mo sọ fún un pé ó dáa jù ni wàhálà rẹ̀. Mo ti tẹ ẹ̀dà kan, mo ká a, mo fi í sínú ìwé yìí. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé.

Ọjọ́bọ̀, 20

N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ńlá!

Ilé ìkàwé àtijọ́ kan ni Bàbá Káfíńtà mú mi lọ, tó ní àtẹ̀gùn onípákó. Ó ń gbé Etí Igi láti orí ìpele kan dé ìkejì. Ní ìpele keje, ó dúró, ó ki okùn náà bọ etí mi. Mo gbọ́ wọn. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́: àwọn ọmọ ogun ikán ń forí gbá igi, wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn pé àlejò dé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, orí mi ṣì ń wú bí mo bá gbọ́ ọ.

Bàbá fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀, ó yọ pákó náà. Funfun báláú, wọ́n tú jáde. Ó wá lọ sí ìpele kẹsàn-án, níbi tí Etí ti ní kò sí nǹkan, ó tún yọ ìyẹn náà. Inú rẹ̀ mọ́ fónífóní.

"Bàbá, kí lẹ tún yọ ìyẹn fún?"

"Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í gbà títí màá fi la obì ọ̀hún."

Ló bá fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, tó ti gba àbàwọ́n òróró àti ìyẹ̀fun pákó sára. Gbogbo ilé tó ti gbé Etí Igi dé láti ọdún méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀: ohun tí Etí sọ, ohun tí òun bá nígbà tó là á, àti ìdájọ́ rẹ̀. "Ó sọ òótọ́." "Ó sọ òótọ́." Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ti òní! Mo ń ṣí i lọ. Ilé kọkànlá: "Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Òòlù mi ní kò sí nǹkan. Etí ní ó wà. Mo là á. Igi àjà mẹ́ta ti di ìyẹ̀fun. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń sùn lọ́sàn-án."

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ máa ń pe ẹni tó rọ òòlù láti sọ fún un pé òòlù kanṣó?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún ayọ̀. Òun ń gbálẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí mi.

Ọjọ́ Ajé, 24

Bàbá Káfíńtà ti kọ lẹ́tà rẹ̀, ojú ìwé kan, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́. Gbogbo ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Àti ilé kẹrìnlá: "Ó parọ́." Àti ilé kẹtàlélógún: "Ó parọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ méjì yẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹni tó ń yinni nìkan," ó ní, "ọ̀rẹ́ ni, kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

Mo gbé e lọ fún Lọ́yà. Ó kà á, ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀! Irú èyí ni mo ń wá!" Ọ̀kan ti wọlé! Òótọ́ ọ̀kan!

Ṣùgbọ́n irọ́ méjì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo pe Bàbá, mo bi í ohun tó bá níbẹ̀. Omi ni, nílé méjèèjì. Páìpù tó ń jò nínú ògiri, tó ń kán tó, tó, tó, tí Etí pè ní ikán. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹ̀rọ mi yóò ṣe ṣìnà gan-an nìyẹn. Alátakò ni a máa ń pè é nínú ilé yìí, ọmọ mi pàápàá mọ̀ ọ́n. Mo bínú fún ọdún mẹ́rin, àṣé òótọ́ ló sọ.

Àti pé kò rí mi rí. Kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ mi tó o láyé yìí, nítorí ó kà á tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, ó ń wá ibi tó máa bù jẹ. Lẹ́tà kẹfà!

Ọkọ mi ní, "Alátakò? Nínú gbogbo ayé?" Ó ronú díẹ̀. "Kọ ọ́ dáadáa o. Àmúkùrù tó bà lórí ẹpọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa á."

Ọjọ́rú, 26

Mo ti kọ̀wé sí Alátakò. Irọ́ méjì ni mo fi ṣáájú, mo sọ fún un pé ó jàre. Òótọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ẹ̀bẹ̀ mi ló kẹ́yìn. Mo fi ránṣẹ́ kí n má baà rí àyè yí ọkàn padà.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Alátakò fèsì! Ìlà kan: "Ẹ fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́." Káfíńtà kejì rèé! Mo fi súwẹ́tà ọmọ mi tó ti kéré fún un wé ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ mi, mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Owó ìfìránṣẹ́ kíákíá ti tún gbówó lórí. Obìnrin tó wà ní káńtà bi mí ohun tó wà nínú ẹrù.

"Etí ni," mo ní.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹrù náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Olùkọ́ mi ka lẹ́tà rẹ̀ tuntun sí mi létí lórí fóònù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Ní ọdún kẹta rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó fi etí lé ìtì igi kan fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, mo ní kó lọ sinmi. Ó ní kí n wá gbọ́. Mo fi etí lé e, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbà á ní ọdún mẹ́fà sí i kó tó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ báyìí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

N kò rántí pé ó tọrọ àforíjì kankan. "Mò ń tọrọ ẹ̀ báyìí," ó ní. "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ọ̀gá mi ti mú tirẹ̀ wá, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ bí ìwé ìṣirò. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ ọ́ pé mo da ikán nù sínú yàrá ìwádìí nígbà kan, ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá wọn. Ó kúkú ṣẹlẹ̀. Èkejì náà ti dé. Kò sí àtùpà kankan níbẹ̀. Márùn-ún ti pé!

Ọjọ́bọ̀, 13

Alátakò dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Ọkọ mi gbé páálí ńlá méjì bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó kó wọn sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ọmọ wa ló wò wọ́n, tó ní, "Ṣé kí n dá ìwé tí mo yá nílé ẹ̀kọ́ padà ni?" Mo ní kó kà á tán ná. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 17

Kò tíì dé. Atẹ́gùn ń fẹ́ lálá. Mo fọ gbogbo aṣọ tó dọ̀tí nílé yìí, mo sì tún fọ àwọn tó mọ́.

Ọjọ́rú, 19

Ó DÉ!

Etí Igi wà nínú ẹrù náà, súwẹ́tà ọmọ mi tí Alátakò ká dáadáa wà níbẹ̀, lẹ́tà náà sì wà lórí rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kà á, n kò lè dé àga. Mo dà á kọ síbí:

"N kò rí obìnrin yìí rí. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo kọ̀wé tako iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá ó kọ̀wé sí mi, ohun àkọ́kọ́ tó sì fi hàn mí ni ibi méjì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kùnà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó fi àṣìṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí kó tó fi àṣeyọrí rẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà kan igi òrùlé ilé ara mi láti fi hàn pé ó ṣì ń ṣìnà. Mo pe oníṣẹ́, a là á. Mo ti ní ikán, n kò mọ̀. Ìlú tó bá jẹ́ kí obìnrin yìí lọ, kí ó má ṣe bínú bí òrùlé bá wó lé e lórí."

Nísàlẹ̀, ó fi kún un pé okùn ẹ̀rọ náà kúrú jù, kí n lọ wá nǹkan ṣe sí i.

Mo figbe ta. Ọkọ mi sáré jáde nílé ìwẹ̀, ó ti fá ìdajì irùngbọ̀n, ọṣẹ bo ìdajì tó kù. "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Alátakò níkán!" mo ní. "Alátakò níkán nílé!"

A di ara wa mú, a ń fò sókè. Ọṣẹ rẹ̀ gba gbogbo ojú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Lọ́yà ti fi ìwé wa sílẹ̀, ó ti gba rìsíìtì. A san owó kí wọ́n lè tètè dá wa lóhùn. A lè dúró síbí títí èsì yóò fi jáde. Ohun tó máa jẹ́ èsì náà la kò mọ̀. Mo ní kí ọkọ mi dá páálí rẹ̀ padà, ó ní kí n jẹ́ ká ṣì fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

Lọ́yà pè ní agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti gbà. Wọ́n ti gbà! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Mo pe Màmá mi, èmi ń pariwo, òun náà ń pariwo, owó fóònù ń lọ. Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, mo gbọ́ ariwo àwọn aláìsàn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pe Bàbá Káfíńtà. "Ó dáa," ó ní. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé àjà kelòó là ń gbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Bàbá Káfíńtà wá lónìí. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì gbé Etí Igi lọ́wọ́. Mo fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó. Férémù ìlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ gbé e kàn, ó dijú. Ó lọ sí ojú fèrèsé. Ó lọ sí ilẹ̀ pákó yàrá ọmọ, ó kúnlẹ̀, ọmọ wa náà kúnlẹ̀ tì í. Gbogbo igi tó wà nínú ilé yìí ló fi Etí kàn, ìyára dé ìyára. Ọkọ mi rọra sọ sí mi létí pé, "Tó bá wá gbọ́ nǹkan ńkọ́, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé?" Mo fi ìgúnpá gún un.

Nígbà tó parí, ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn níbi tí páálí méjì yẹn ṣì wà. Ó gbé wọn, ó tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ó kó wọn sábẹ́ apá. Ó ní òun máa fi wọ́n tẹ́lẹ̀ nígbà tóun bá ń kun igi. Ó wá fa ìwé rẹ̀ yọ, ó fi itọ́ kan ẹnu pẹ́ńsù, ó kọ̀wé. Ó na ìwé náà sí mi, ó sì kọjú síta bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́.

"Ilé kejìlélọ́gbọ̀n. Ilé Ìyá Oníkán. Etí ní kò sí nǹkan. N kò là á. Mo gbà á gbọ́."